Ògiri skírìnì ní Kàbà: ka píksẹ́lì kí o tó wọn fífẹ̀

Olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lágbègbè Kàbà kọ̀wé sí mi. Mo gé ìwé rẹ̀ kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Ẹ̀ka wa rí owó gbà láti ṣe yàrá kan tí àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa wo àwòrán sátẹ́láìtì àti máàpù omíyalé Lọ́kọ́jà. Ògiri skírìnì ńlá la fẹ́. Ẹnì kan tó ń gbé LED lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ibi ìnáwó ní òun yóò ta oníbùú mítà mẹ́rin fún wa. Ẹlòmíràn ní ká ra tẹlifíṣọ̀n mẹ́sàn-án àti àpótí kan tí yóò máa pín àwòrán sára wọn. Ẹnì kẹta ní bí kò bá sí kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án, a kàn ń fi owó ṣòfò ni. Èwo ni ká gbọ́? Ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá níbí."

Òkun o, àbúrò mi. Ẹ kú iṣẹ́. Bí mo ṣe ka ìwé rẹ, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ni pé ẹ lè náwó lé ohun ńlá tó ń dán yanran, tí àwọn àgbà yóò wá ya fọ́tò níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ìṣílé, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró tì í má sì rí ohunkóhun tí kò ti rí lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ẹ̀rù náà tọ́. Ó tó ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ní òkè òkun kí n tó padà sílé sí Ìsánlú, mo sì ti wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bá ọ sọ̀rọ̀ kò purọ́ fún ọ. Ohun tí kálukú mọ̀ ló sọ, àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n dáhùn yàtọ̀ sí èyí tí o bi wọ́n.

Ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oníLED. Lẹ́tà P àti nọ́ńbà tí wọ́n máa ń dárúkọ, bíi P3 tàbí P4, ni ìwọ̀n àyè tó wà láti ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan sí èkejì. P3 jẹ́ mìlímítà mẹ́ta. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ yẹn là ń pè ní píksẹ́lì, òun gan-an sì ni ọjà tí ò ń rà, ohunkóhun yòówù tí wọ́n bá kọ sára páálí rẹ̀. Mú ìbú mítà mẹ́rin, fi mìlímítà mẹ́ta pín in, wàá rí 1,333. Bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ mítà méjì àti sẹ̀ǹtímítà 25, wàá rí 750. Sọ méjèèjì di ìlọ́po ara wọn: kò pé mílíọ̀nù kan píksẹ́lì. Láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ń gbé kiri, èyí tó ní 1,366 ní ìbú àti 768 ní òòró, ju mílíọ̀nù kan lọ. Ògiri tó gba gbogbo iwájú gbọ̀ngàn kò tó ohun tó wà lórí itan akẹ́kọ̀ọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dára gan-an, torí ojú pásítọ̀ àti ọ̀rọ̀ orin gàdàgbà ni wọ́n ń gbé sórí rẹ̀, òkèèrè ni àwọn èèyàn sì wà. Ojú tó ríran dáadáa kò lè ya àmì méjì sọ́tọ̀ mọ́ bí àyè tó wà láàárín wọn kò bá tó ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì. Ọ̀nà tí mo fi ń ṣírò rẹ̀ ni pé mo máa ń sọ àyè píksẹ́lì di ìlọ́po 3,400. Ti P3 yóò fún ọ ní nǹkan bíi mítà mẹ́wàá: ibẹ̀ ni o gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn dé kí àwọn àmì náà tó pọ̀ di àwòrán kan. Mélòó nínú yàrá yín ló gùn tó mítà mẹ́wàá?

Wá wo ohun tí ẹ fẹ́ gbé sórí rẹ̀. Ègé àwòrán kan ṣoṣo láti ara Sentinel-2, sátẹ́láìtì tí àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ sójú ọ̀run ní 2015, jẹ́ píksẹ́lì 10,980 ní ìbú àti 10,980 ní òòró. Píksẹ́lì kan dúró fún mítà mẹ́wàá lórí ilẹ̀, nítorí náà ìbú ègé yẹn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 110, ó ju láti Lọ́kọ́jà dé Kàbà lọ. Gbogbo rẹ̀ ju mílíọ̀nù 120 píksẹ́lì. Lórí LED yẹn, ẹyọ kan nínú ọgọ́fà ni yóò ráyè hàn. Òótọ́ ni pé èèyàn lè fi máòsì sún un mọ́ra lórí láptọ́ọ̀pù, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo wa ṣe ń ṣe. Àmọ́ bí o bá sún mọ́ Gánájà ní Lọ́kọ́jà láti wo ibi tí omi wọlé dé, Jàmátà lókè odò ti sá kúrò lójú rẹ, Ìtóbè nísàlẹ̀ sì ti lọ pẹ̀lú. Wàá tún fà á sẹ́yìn, wàá rí méjèèjì, Gánájà yóò wá di àmì kékeré. Iṣẹ́ tí ògiri skírìnì wà fún nìyí: kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dúró lókèèrè wo Odò Ọya àti Bẹ́núè bí wọ́n ṣe pàdé, kó fi ẹsẹ̀ rìn sún mọ́ ọn, kó wá rí òpópónà tí omi gbà kọjá, láìsí pé ohun tó kù kúrò níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ àti ọrùn ló fi ń wá nǹkan. Bí skírìnì kò bá ní píksẹ́lì tó ṣeé sún mọ́, iṣẹ́ yẹn kò sí níbẹ̀.

Ẹni kejì, oní-tẹlifíṣọ̀n mẹ́sàn-án, sún mọ́ ọ̀nà, àmọ́ àpótí rẹ̀ ló ń ba ọ̀ràn jẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn àpótí tó ń pín àwòrán máa ń gba ẹyọ àwòrán kan tó jẹ́ 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òòró, wọ́n á fà á gùn, wọ́n á gé e sí mẹ́sàn-án. Ó tóbi, àmọ́ mílíọ̀nù méjì píksẹ́lì tó wọlé náà ló jáde. Béèrè ọ̀rọ̀ kan péré lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: wáyà mélòó ló ń jáde láti ara kọ̀ǹpútà, mélòó sì ni píksẹ́lì tó ń gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Bí ó bá ní wáyà kan, tí wáyà náà sì ń gbé 1,920 ní 1,080, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àpótí kan wà tó jẹ́ olóòótọ́ o. Ó ń gba 4K, ìyẹn 3,840 ní 2,160, ó sì ń pín in sí skírìnì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,920 ní 1,080. Ìyẹn kò fa nǹkan kan gùn, nítorí mẹ́rin yẹn gan-an ló wà nínú ọ̀kan. Kí o tó sanwó, ya àwòrán ìlà dúdú àti funfun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́lì kan péré, gbé e sórí ògiri náà, kí o sún mọ́ ọn. Bí ìlà bá mọ́ gaara lórí gbogbo skírìnì, gbà á. Bí ó bá di eérú, tàbí tí ìlà kan sanra ju èkejì lọ, àwòrán tí wọ́n fà gùn ni.

Ẹni kẹta, oníkọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án, ka ìwé, àmọ́ ìwé rẹ̀ ti pẹ́. Nígbà tí wọ́n kọ́ ògiri oní skírìnì 55 ní yunifásítì Illinois tó wà ní Chicago ní 2005, tó ní mílíọ̀nù 100 píksẹ́lì, àti nígbà tí ti Austin ní Texas dé ní 2008 pẹ̀lú skírìnì 75 àti mílíọ̀nù 307, káàdì àwòrán inú kọ̀ǹpútà kan kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti so kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ya apá tirẹ̀, kí wọ́n sì jọ yí ojú ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ṣiṣẹ́ lórí irú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fi ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́, àwòrán tó ń rìn yóò ya ní àárín. Bí ọ̀kan bá gba àtúnṣe sọ́fítíwíà tí àwọn tó kù kò gbà, ihò dúdú ni wàá bá lára ògiri láàárọ̀. Ó ń fẹ́ ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Lónìí, káàdì tó ní ẹnu mẹ́rin (ibi tí a ń ki wáyà skírìnì bọ̀) tó ń gbé 4K wọ́pọ̀, àwọn kan wà tó ní mẹ́fà, àwọn tó ń ṣe káàdì sì ti fi ọ̀nà sínú rẹ̀ láti so gbogbo ẹnu pọ̀ di ojú iṣẹ́ kan: NVIDIA ń pe tirẹ̀ ní Mosaic, AMD ń pe tirẹ̀ ní Eyefinity. Kọ̀ǹpútà kan tó lágbára tó fún ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ọjọ́ tí data yín bá di ìṣàn omi oníhà mẹ́ta tó tóbi ju ohun tí káàdì kan lè gbé lọ, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn gbé yẹ̀wò.

Ohun tí mo bá ra bí owó náà bá wà lọ́wọ́ mi ni tẹlifíṣọ̀n 4K mẹ́fà oní ínṣì 55, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Ó jẹ́ 11,520 ní ìbú àti 4,320 ní òòró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 50. Ti mẹ́sàn-án tí kì í ṣe 4K kò tó mílíọ̀nù 19. Àyè píksẹ́lì lórí 4K oní ínṣì 55 kò tó ìdá mẹ́ta mìlímítà, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ lè sún mọ́ ọn tó mítà kan kí àmì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tọ̀ lójú rẹ̀. Mo mú mẹ́ta ní ìbú nítorí pé bí o bá to méjì tàbí mẹ́rin, etí skírìnì tó dúró lóòró yóò bọ́ sí àárín gbùngbùn, ibi tí ojú gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Àléébù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: tẹlifíṣọ̀n ilé ní etí tó nípọn. Bí méjì bá pàdé, ó tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Àwọn skírìnì tí wọ́n dìídì ṣe fún ògiri ní etí tí méjì rẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ, àwọn kan tilẹ̀ tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ wọ́n wọ́n gan-an, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe 4K. Ẹ ní láti yàn láàárín ìlà tó tín-ín-rín àti píksẹ́lì tó pọ̀. Fún máàpù, èmi yóò yan píksẹ́lì.

Ọ̀rọ̀ etí yìí ni àwọn èèyàn máa ń fojú kéré, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú mi rí. A gbé máàpù omíyalé Lọ́kọ́jà ti 2022 sórí ògiri oní skírìnì mẹ́sàn-án. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ń fi ìka tọ ipa Odò Ọya láti òkè wá sílẹ̀. Ìka rẹ̀ dé etí, ó fo ó, ó bá odò náà lódìkejì ní ìwọ̀n ìbú ìka kan sí apá òsì. Ó dúró. Ó gbé ìka padà sókè, ó tún tọ̀ ọ́ wá. Ó ní, "Ṣé odò yà níbí ni, sà?" Odò kò yà. Àwa la to skírìnì bí ẹni pé etí kò sí, tí ohun tó dá gẹ̀ẹ́rẹ́ gba ibẹ̀ kọjá fi dà bí ohun tó ṣẹ́. Mo wọ inú ètò káàdì, mo fi ìwọ̀n etí sí i, kí àwòrán lè máa gba ẹ̀yìn etí kọjá bí ìgbà tí a ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Odò tọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ náà gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́ yọjú wo orúkọ abúlé kan tó ti wọ ẹ̀yìn férémù lọ. Nítorí náà, kò sí ọ̀nà tí kò ní oró. Fún odò, ọ̀nà àti ààlà, fi ìwọ̀n etí sí i. Fún tábìlì nọ́ńbà àti ìwé kíkà, yọ ọ́ kúrò, kí o sì rí i pé fèrèsé ìwé kọ̀ọ̀kan wà nínú skírìnì kan, kó má gun orí etí.

Tẹlifíṣọ̀n ilé tún ní ìwà tirẹ̀. Rìmóòtù kan ni gbogbo wọn ń gbọ́ ohùn rẹ̀, bí o bá tẹ̀ ẹ́ láti yí ọ̀kan, márùn-ún yòókù á yí pẹ̀lú rẹ̀. Mo máa ń fi páálí kékeré bo ojú àwọn tí mi ò fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ń gé etí àwòrán dànù láìsọ fún ọ. Wá ibi tí wọ́n ti ń pa ìyẹn nínú ètò rẹ̀. Sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ló wà lára rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́tà pupa lórí máàpù yóò ràn mọ́ra bí ẹ̀jẹ̀ lára òwú. Pa gbogbo ohun tó ń yí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Rà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, irú kan náà, kí o sì fi ọ̀kan kún un tí yóò wà nínú páálí, nítorí pé lọ́dún mẹ́ta sí i o kò ní rí irú rẹ̀ rà mọ́, àwọ̀ èyí tuntun kò sì ní bá ti àwọn àgbà mu. Bí iná bá lọ tó sì padà, àwọn kan á lọ sí ojú ilé tiwọn dípò ojú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà á ní skírìnì kan ti kú, á sì tún gbogbo nǹkan tò. Fi àkọsílẹ̀ ìdánimọ̀ skírìnì kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú ètò káàdì kí ìyẹn má baà máa ṣẹlẹ̀.

Férémù irin ni kí ẹ gbé e kọ́, ẹ má lu ìṣó mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò. Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ ní Kàbà lè fi páìpù onígun mẹ́rin ṣe é, kó dá dúró fúnra rẹ̀, kí àyè ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà sì wà lẹ́yìn fún ẹni tí yóò wọlé lọ tún wáyà ṣe. Kí ó fi ohun ìwọ̀n bíríkìlà wọ̀n ọ́n ní gbogbo igun kí ó tó jó irin pọ̀: bí ìsàlẹ̀ bá fi mìlímítà méjì tẹ̀, òkè yóò là débi tí wáyà ṣájà fóònù lè gbà kọjá, kò sì sí bí o ṣe lè tún un ṣe mọ́ lẹ́yìn tí skírìnì bá ti gorí rẹ̀. Kí ìsàlẹ̀ ìlà kìíní ga tó sẹ̀ǹtímítà ọgọ́rin sílẹ̀. Kí fèrèsé má wà ní òdìkejì rẹ̀.

Ní ti iná, ká ṣírò. Skírìnì mẹ́fà, wọ́ọ̀tì 150 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìmọ́lẹ̀ bá ga, jẹ́ 900. Fi 600 kún un fún kọ̀ǹpútà: 1,500. Ínfátà 5 kVA yóò gbé e láìmí, bátìrì lítíọ́ọ̀mù oní fóòltì 48 àti 200 Ah yóò sì fún yín ní wákàtí mẹ́rin, ó kéré tán. Ẹ̀rọ amúlétutù kò sí nínú ìṣirò yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo 1,500 náà yóò di ooru nínú yàrá, bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ bá ń jó láìdáwọ́ dúró. Nítorí náà, òwúrọ̀ ni kí ẹ fi ṣe àkókò iṣẹ́, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ skírìnì kù sí ìdajì. Nínú yàrá tí a ti fa kọ́tìnì, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tàn lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èmi ti pàdánù skírìnì méjì lọ́jọ́ kan nítorí iná tó dé pẹ̀lú agbára jù, láti ìgbà náà n kì í jẹ́ kí iná ìta kan skírìnì tààrà. Ara ínfátà ni wọ́n máa ń wà. Eruku ọyẹ́ náà ń bọ̀: aṣọ gbígbẹ tó rọ̀, ẹ má fi omi kàn án.

Sọ́fítíwíà kò ní gba owó lọ́wọ́ yín. QGIS, sọ́fítíwíà máàpù, yóò kàn tẹ́ fèrèsé rẹ̀ sórí gbogbo ògiri. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní gdaladdo ṣe ẹ̀dà kékeré-kékeré sínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo mílíọ̀nù 120 ni yóò máa kà nígbàkígbà tí ẹ bá fà á. ParaView wà fún ìṣàn omi oníhà mẹ́ta. Àwọn ará Chicago ni wọ́n ṣe SAGE, èyí tó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún gbé ohun tó wà lórí láptọ́ọ̀pù wọn sórí ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. Fún oṣù òjò tí ìkùukùu ń bo Lọ́kọ́jà, ẹ lo Sentinel-1, rédà ló ń lò, ìkùukùu kì í dí i. Àmọ́ ògiri kò lè fún yín ní ohun tí sátẹ́láìtì kò rí. Ọ̀pọ̀ ilé kì í ju píksẹ́lì díẹ̀ lọ lórí àwòrán oní mítà mẹ́wàá, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ ka ilé tí omi wọ̀, àwòrán mìíràn lẹ nílò, tàbí kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Ohun kan ṣì kù tó lè yí gbogbo ohun tí mo ti sọ padà. Bí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá kàn jókòó sí mítà mẹ́rin kí olùkọ́ máa ṣàlàyé, tẹlifíṣọ̀n 4K kan ṣoṣo oní ínṣì 85 tó: kò ní etí ní àárín, iná tó ń jẹ kò pọ̀, ojú tó wà ní mítà mẹ́rin kò sì lè rí gbogbo píksẹ́lì tó ní. Àwọn tó ń dìde lọ sún mọ́ nǹkan ni ògiri wà fún. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, gbé máàpù Lọ́kọ́jà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ fléẹ̀sì fún ìsìnkú àti ìkómọ. Ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní mítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà 70 ní ìbú, mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 40 ní gíga. Gbé e kọ́ sínú yàrá náà, fi téèpù dúdú oní sẹ̀ǹtímítà méjì fa ibi tí etí yóò wà, ìlà méjì lóròó àti ẹyọ kan níbùú. Fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, má sọ nǹkan kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí o sì máa wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn dúró sí. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí mi padà pẹ̀lú ìbú àti gígùn yàrá, ìhà tí fèrèsé kọjú sí, àti ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà.